Sísọ Òkú Fìríìjì di Àpótí Ìyan-Ẹran Oníná: Àgbéyẹ̀wò fún Olùkọ́ ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá rìn láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndò, tàbí tí ó gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá lọ sí Ìpàjà, kò ní ṣàìrí òkú fìríìjì lẹ́bàá ọ̀nà. Òmíràn wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún ẹ̀rọ amóhuntutù ṣe, tí wọ́n ti yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ tà. Òmíràn nà gbalaja sílẹ̀, tí ẹni tí ń ta omi inú ọ̀rá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti kó yìnyín kún inú rẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ a máa so gílóòbù iná sínú òmíràn kí ó lè bá wọn pa ẹyin. Èyí tí kò bá rí ìlò kankan ni ó ń bá ara rẹ̀ lórí ààtàn, irú àwọn ààtàn Solous ní Ìgàndò, níbi tí ilé-iṣẹ́ LAWMA ti da pàǹtírí ìlú sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò yani lẹ́nu pé òkú fìríìjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye yìí, nítorí pé ìkànìyàn tirẹ̀ fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 2. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, èrò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti ra fìríìjì tòkunbọ̀ láti ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́. Fìríìjì tòkunbọ̀ wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ kà léèwọ̀ láti kó wọlé, ṣùgbọ́n ọjà kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ ti òfin.

Ìlò kan wà fún òkú fìríìjì tí ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń dán wò ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí ni sísọ ọ́ di àpótí tí a fi iná mànàmáná yan ẹran tàbí ẹja. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé a kò lè gbé ìlànà àwọn ará ibẹ̀ wá sí Alímọ̀ṣọ́ ní tààrà. Ohun kan náà tí ó mú kí fìríìjì wúlò fún iṣẹ́ yìí ni ó lè sọ ẹran inú rẹ̀ di májèlé, ojú ọjọ́ Èkó sì dá kún ewu náà. Nítorí pé olùkọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí máa ń bi ní irú ìbéèrè báyìí, ó yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí ewu wà kí ó tó mọ ibi tí èrè wà.

Yíyan nínú Ìrírí Yorùbá

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń sun iṣu, a sì máa ń yan ẹja. Ẹ̀ka-èdè kan lè lo ọ̀kan níbi tí òmíràn ti lo èkejì, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn ọdẹ, yíyan kì í ṣe kí iná jó ohun jíjẹ. Ooru àti èéfín ni à ń lò, ọwọ́ iná kò gbọdọ̀ kan ẹran. Ọdẹ tí ó pa ẹran sínú igbó tí ilé jìnnà sí yóò ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, yóò tẹ́ pẹpẹ lé e lórí, yóò sì kó igi tútù mọ́ gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ kí iná má bàa ràn jù. Nínú ilé, àjà tí ó wà lókè ààrò ni ẹran àjẹkù máa ń gbé títí yóò fi dúdú. Obìnrin ẹlẹ́ja ní tirẹ̀ mọ̀ pé ẹja tútù ni à ń ká. Ó ti fi igi há orí mọ́ ìrù ẹja àrọ̀ kí ó tó gbé e sórí iná, nítorí bí ó bá ti gbẹ, kíkán ni yóò kán.

Iṣẹ́ tí iná wọ̀nyí ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Ooru ń sè ẹran náà, ó sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fa omi inú rẹ̀ jáde. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé omi tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n ẹran tútù. Èéfín ní tirẹ̀ ń fi àwọn èròjà bíi fíínọ́ọ̀lì àti ásíìdì kun ara ẹran, èyí tí kì í jẹ́ kí ó tètè kan tàbí kí ó tètè hu olú. Ẹran tí ó jinná, tí ó sì ní òórùn èéfín, ṣùgbọ́n tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹran tí a lè fi pamọ́ sínú agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń lo ẹ̀rọ tuntun ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n.

Àtúnṣe sí ọ̀nà ìbílẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1969 sí 1971 ni àwọn obìnrin Chorkor, abúlé apẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ FAO àti ilé-ìwádìí oúnjẹ ibẹ̀, ṣe ààrò alámọ̀ tí a ń to àtẹ igi lé ara wọn lórí rẹ̀. Ààrò Chorkor yìí kò jẹ igi tó ti àtijọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2008, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹja pípa ní Thiaroye, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, bá FAO ṣe òmíràn tí wọ́n ń pè ní FTT, èyí tí ó ní àwo tí ń gba ọ̀rá ẹja kí ó má bàa kán sínú iná. Ní Nàìjíríà, ilé-ìwádìí NIOMR tí ó wà ní Victoria Island ní Èkó, àti NSPRI tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ti ṣe ààrò onírin tiwọn fún àwọn ẹlẹ́ja. Ìlànà tí ààrò wọ̀nyí dúró lé kan náà ni a ó bá pàdé nínú fìríìjì: kí ooru má sá lọ, kí èéfín rí ọ̀nà gbà, kí ọ̀rá má sì kán sórí iná.

Ohun tí ó wà nínú Ara Fìríìjì

Fìríìjì jẹ́ àpótí méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti ìta jẹ́ páànù irin tí a kùn lọ́dà. Ti inú, níbi tí à ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí, jẹ́ ike. Àárín méjèèjì ni fóòmù le gan-an sí, èyí tí kì í jẹ́ kí ooru ìta wọlé. Ohun tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé kò ní jẹ́ kí ooru jáde náà, ìdí nìyí tí ojú fi máa ń wọ òkú fìríìjì nígbà tí a bá ń wá àpótí ìyan-ẹran.

Àwọn fìríìjì ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe kí fóòmù tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí a fi tánńganran bò ni inú wọn, òwú gíláàsì ni wọ́n sì kì sí àárín. Irú èyí ni àwọn tí ń ṣe àpótí ìyan-ẹran ní Amẹ́ríkà máa ń wá kiri, nítorí pé kò sí ohun tí ooru lè yọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan ní Ìkọ̀tún lónìí, orí rẹ̀ ni ó bá a ṣe é.

Ike inú fìríìjì òde òní máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 90°C. Kí ó tó yọ́ pátápátá ni yóò ti máa tú òórùn jáde, òórùn náà yóò sì wọ inú ẹran. Fóòmù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 200°C ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í túká, bí ó bá sì gbiná, háídírójìn sáyánáìdì wà lára gáàsì tí ó ń tú jáde. Ìwọ̀nba ìmí díẹ̀ nínú gáàsì yìí lè pa ènìyàn. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ àárín àpótí lè má ju 80°C lọ nígbà tí a ń yan ẹran, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí kọ́ìlì iná kò ní dúró síbẹ̀.

Báwo wá ni àwọn ará ilẹ̀ òtútù ṣe ń lo fìríìjì oníke láìsí wàhálà? Yíyan tútù ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Wọ́n á dá iná sínú ohun èlò kékeré kan níta, wọ́n á fi páìpù fa èéfín nìkan wọ inú fìríìjì, ooru inú rẹ̀ kò sì ní kọjá 30°C. Ẹran tí wọ́n kó síbẹ̀ ti jẹ iyọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ ìta sì tutù bíi ti ọ̀gìnnìtìn. Ní Alímọ̀ṣọ́, afẹ́fẹ́ ọ̀sán nìkan máa ń kọjá 30°C kí a tó ṣá ìṣáná. Ẹran tútù tí a bá fi sínú irú ooru bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kò yan rárá. Ó ń bàjẹ́ ni, èéfín kàn bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i jù. Nítorí náà yíyan gbígbóná nìkan ni ó bá ilẹ̀ wa mu, yíyan gbígbóná kò sì bá ike àti fóòmù gbé. Ẹni tí kò bá ṣetán láti tú inú fìríìjì náà pátá, kí ó lọ ra àgbá irin tí ó mọ́, tí kò gbé kẹ́míkà rí. Kò pàdánù ohunkóhun.

Títú Inú Rẹ̀

Kí ayùn tó kan fìríìjì, ó yẹ kí a ka ohun tí wọ́n kọ sí ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀. R-12 ni gáàsì àwọn ti àtijọ́. Òun ni ó wà lára àwọn tí ń ba ààbò ozone ojú sánmà jẹ́, tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fi fòpin sí lílò wọn, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní ọdún 1988. R-134a ni ó rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fìríìjì. Àwọn tí ó tún dé lẹ́yìn náà ń lo R-600a, èyí tí í ṣe ẹbí gáàsì ìdáná. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ ìgérin gé páìpù R-600a nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí, ó ń wá ìbúgbàù ni. Àwọn oníṣẹ́ fìríìjì tí ó mọṣẹ́ ní ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì sínú sílíńdà. Àwọn ni kí a pè.

Lẹ́yìn èyí ni a óò yọ ike inú, a óò sì fi ọ̀bẹ há fóòmù kúrò lára páànù títí irin yóò fi hàn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì ń fẹ́ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Fóòmù náà kì í ṣe ohun tí à ń sun lẹ́yìn ilé. Nínú fìríìjì àtijọ́, gáàsì aba-ozone-jẹ́ tí ó wà nínú fóòmù pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú páìpù lọ, májèlé tí a sì ti mẹ́nu bà lókè ni ó ń mú jáde bí a bá fi iná sí i. Kí a dì í sínú àpò, kí a sì kó o fún àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti tún ohun èlò oníná lò.

Òwú gíláàsì tàbí òwú òkúta ni yóò rọ́pò fóòmù, irin tí kì í dípẹtà ni yóò sì rọ́pò ike. A gbọ́dọ̀ dí ojú ìpàdé irin náà dáadáa kí òwú má bàa já bọ́ sórí ẹran. Páànù tí a fi síńkì bò kò yẹ níbi tí iná wà, nítorí èéfín síńkì ń fa àìsàn. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà yóò yọ́, nítorí náà okùn gíláàsì irú èyí tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì ni kí a fi dí i. Àwọn pẹpẹ onírin inú fìríìjì dà bí ohun tí ó wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n fi cadmium bo àwọn kan nínú ti àtijọ́, májèlé sì ni cadmium. Kí a kó gbogbo wọn dànù, kí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe tuntun.

Ilẹ̀kùn gan-an tó ohun tí à ń dúró rò. Ní ọdún 1956 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin pé gbogbo fìríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú, nítorí pé àwọn ọmọdé ń sá pamọ́ sínú fìríìjì tí wọ́n pa tì, wọ́n sì ń kú síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ní ìkọ́ ni ó ń pa wọ́n, kì í ṣe òòfà. Ẹni tí ó bá wá kan ìkọ́ mọ́ àpótí yìí kí èéfín má bàa jáde ti dá ewu náà padà sínú ọgbà tí ọmọ ogún ń ṣeré. Kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́.

Iná, Èéfín àti Ọ̀rá

Ìsàlẹ̀ ni orísun ooru máa ń wà. Sítóòfù oníná olójú kan tí agbára rẹ̀ tó 1,000 wátì tó fún fìríìjì kékeré. Àwo irin tí ó nípọn ni a óò gbé lé e, a óò sì da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú rẹ̀, kí ó máa jó kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láì yọ ọwọ́ iná. Igi máńgòrò, igi gúáfà, igi ọsàn tàbí èèpo àgbọn dára. Pákó tí a fi oògùn ikán kùn, páláńkì tí a ti kùn lọ́dà, àti pákó tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó lẹ́búlẹ́bú láti ilé-ìlapákó gbọ́dọ̀ béèrè irú igi tí wọ́n là ní ọjọ́ náà.

Láàárín iná àti ẹran, àwo kan gbọ́dọ̀ dúró ní dídagun díẹ̀, kí ọ̀rá máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú agolo níta. Ìlànà FTT nìyí. Nígbà tí ọ̀rá bá kán sórí iná, tàbí tí igi bá jó ní ooru tí ó ju 400°C lọ, àwọn èròjà kan ń jáde tí a mọ̀ sí PAH. Benzo[a]pyrene ni olórí wọn, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi í sí ìsọ̀rí àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dín ìwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n gbà láàyè nínú ẹran yíyan àti ẹja yíyan kù láti máíkírógíráàmù 5 sí 2 nínú kílógíráàmù kan. Dúdú tí ẹran dúdú kì í ṣe ẹ̀rí pé ó yan dáadáa. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin ni à ń wá.

Ihò méjì ní ìsàlẹ̀ tí a lè fi páànù kékeré ṣí tàbí pa, àti páìpù kan lókè fún èéfín, ni yóò máa darí afẹ́fẹ́. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀, omi ara ẹran yóò di ìrì sí ara ògiri, ẹran yóò sì korò. Tẹmómítà gbọ́dọ̀ gba ara ilẹ̀kùn wọlé, nítorí pé nọ́ńbà ara sítóòfù kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lókè. Lẹ́yìn tí a bá ti fi òfìfo àpótí jó fún wákàtí díẹ̀ kí ọ̀rá ilé-iṣẹ́ lè kúrò lára irin, a lè gbé ẹran tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a rẹ sínú omi iyọ̀, tí a sì gbẹ omi ara rẹ̀, síbẹ̀. Wákàtí kan ní nǹkan bí 60°C yóò mú kí awọ rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó gbé ooru sókè sí 80°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí àárín ẹran yóò fi tó 74°C. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ ni, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gbígbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìta gbangba ni kí àpótí yìí máa wà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Gáàsì kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì inú èéfín kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn sójú oorun.

Nígbà tí Iná Bá Lọ

Ibí yìí ni ìlànà òkèèrè tún ti já wa kulẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ gbà pé iná kò ní lọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n pín PHCN fún àwọn aládàáni, ni Ikeja Electric ti ń pín iná fún Alímọ̀ṣọ́, bí iná sì ṣe ń pẹ́ tó yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì. Ẹran tí ó ti gbóná dé 45°C tí iná wá lọ wà nínú ibi tí ó burú jù lọ. Àpótí tí kì í jẹ́ kí ooru jáde yóò mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ń sin kòkòrò níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé sítóòfù 1,000 wátì.

Nítorí náà àpótí oníná ní Alímọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Ibi tí sítóòfù wà gbọ́dọ̀ gba àwo èédú, kí èédú sì wà nílẹ̀ kí ẹran tó wọlé. Bí èédú kò bá sí, tí ẹran kò sì tíì jinná, kí a má jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì kí a tó kó o sínú ìkòkò. Ọbẹ̀ tí a kò rò tẹ́lẹ̀ sàn ju inú rírun lọ.

Owó náà kò kéré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé iná àwọn tí ó wà ní Band A sí ₦225 fún wákàtí-kílówátì kan. Ní iye yẹn, sítóòfù 1,000 wátì tí ó jó fún wákàtí 8 láì dánu dúró jẹ ₦1,800. Iye náà ti yí padà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí padà. Fún ẹni tí ń yan ẹja tà, ààrò èédú ti NSPRI tàbí NIOMR sàn jù. Ilé kan, tàbí ilé-ìwé kan, ni fìríìjì yẹ.

Ewu wáyà kò kéré sí ti èéfín. Àpótí irin, omi iyọ̀ tí ń kán, àti iná mànàmáná ni wọ́n jọ wà lójú kan. Wáyà tí ó lè fara da ooru, tí ó nípọn tó mìlímítà onígun mẹ́rin 2.5, ni kí a lò. Wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ara páànù ní tòótọ́, kí ó má kàn dúró sí orí púlọ́ọ̀gì lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kò so mọ́ ohunkóhun lábẹ́ ilẹ̀, oníṣẹ́ iná nìkan ni ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú Kíláàsì

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò wúlò fún olùkọ́ tí ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé òwú gíláàsì tàbí wáyà ilẹ̀. Ẹnu àwọn oníṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀sán kan ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ fìríìjì ní Ẹ̀gbẹ́dá, àti òmíràn lọ́dọ̀ obìnrin tí ń yan ẹja ní ọjà Ìkọ̀tún, yóò kó ọ̀rọ̀ jọ ju èyí tí ìwé kan lè fún un lọ. Kí ó kọ bí wọ́n ṣe pè é sílẹ̀, kì í ṣe bí ó ṣe rò pé ó yẹ kí wọ́n pè é.

Kò pọn dandan kí ilé-ìwé kan àpótí kí ẹ̀kọ́ tó wáyé. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná, tẹmómítà kan, ẹja méjì tí wọ́n jọ wọn ìwọ̀n kan náà, àti ààrò tí ó wà nílẹ̀ ti tó. Kí àwọn ọmọ wọn ẹja kan kí wọ́n tó yan án àti ní wákàtí wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n ya ìlà rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n sì kọ àkókò tí iná lọ àti tí ó dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.